Ọtí, Igbó, àti Ikọ́ tí Kò Gbọ́ Oògùn Mọ́

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀, tí a sì fi ń bá ara wa wí nígbà gbogbo: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Láti kékeré ni mo ti gbọ́ òwe yìí, mo sì ti pa á fún ẹlòmíràn ju bí mo ti lè kà lọ. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òwe náà yóò ṣẹ ní agboolé tí mo ń gbé, tí hẹ̀rẹ̀-huru yóò di ikọ́ gidi, tí kòkòrò náà yóò sì di èyí tí àwọn dókítà ń rí nínú ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi. Ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí ó kan ẹni tí ń mu ọtí, ó sì kan ẹni tí kì í mu; ó kan ẹni tí ń fa igbó, ó sì kan ọmọdé tí kò mọ òórùn rẹ̀.

Ní ọdún 2017, awakọ̀ akẹ́rù kan ń gbé nínú yàrá tí ó kọjú sí tèmi. Ọkùnrin ọlọ́yàyà ni, kì í bá ènìyàn jà, kì í sì í jẹ gbèsè owó ilé. Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ni ó ń kó láti Òkè Ọya wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ìdájí, kí ó tó gun ọkọ̀, yóò mu paraga. Bí oorun bá ń kùn ún lójú ọ̀nà, yóò gbé tramadol mì. Bí ó bá sì padà dé tí gbogbo ara ń ro ó, oògùn ikọ́ inú ìgò, èyí tí ó ní codeine nínú, ni ó fi ń wá oorun. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, mo sọ fún un pé, "Àbúrò, ikọ́ yìí ti pẹ́ jù." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, eruku ọ̀nà ni. Ẹ má ṣèyọnu." Ó mu oògùn inú ìgò rẹ̀, ikọ́ náà sì rọlẹ̀. Gbogbo wa rò pé ó ti lọ.

Kò lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ hàn nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ikọ́ ife ni, wọ́n sì fún un ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń lò ó dáadáa. Ìtọ̀ rẹ̀ pupa bí omi ọsàn, àyà rẹ̀ já, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé oògùn ni ó fa èyí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ní ìparí oṣù kejì ó ti sanra, ohùn rẹ̀ ti le, ó ti padà sí ìdí ọkọ̀. Ní oṣù kẹta, ó lọ gba oògùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òórùn ọtí sì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bá a wí gidigidi lójú gbogbo èrò, ó ní ọ̀mùtí lásán ni, àti pé oògùn ìjọba ni ó ń fi ṣòfò. Ó padà wálé, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Gbogbo wa ní nọ́ọ̀sì jàre. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Kò tún padà sí ilé ìwòsàn náà mọ́. Kí ọdún tó yí po, ikọ́ náà tún dé, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò ní ibòmíràn, àyẹ̀wò fi hàn pé oògùn tí ó ti ń lò tẹ́lẹ̀ kò ràn án mọ́. Èyí tí ó dùn wá jù lọ ni pé ọmọkùnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí kò tọ́ ọtí wò rí, ní irú ikọ́ kan náà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àìsàn ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni oògùn tí gbogbo ènìyàn ń lò kò ti ràn án. Kò jẹ kòkòrò kankan. Hẹ̀rẹ̀-huru ẹlòmíràn ni ó jogún.

A ó padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó bá wa jà.

IRÚ ÀÌSÀN TÍ IKỌ́ IFE Í ṢE

Ikọ́ ife, tí àwọn àgbà kan ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, kì í ṣe àfiṣe, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àrùn ìdílé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882, dókítà ará Jámánì kan, Robert Koch, dìde ní ìlú Berlin, ó sì fi kòkòrò tí ń fa àìsàn yìí han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kòkòrò náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Afẹ́fẹ́ ni ó ń bá rìn. Bí ẹni tí ó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró bá wúkọ́, tàbí tí ó sín, tàbí tí ó tilẹ̀ kọrin, àwọn kòkòrò náà a bá ẹ̀kán itọ́ kéékèèké jáde, ẹni tí ó bá wà nítòsí a sì fà wọ́n símú. Kì í ti inú àwo oúnjẹ ràn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ti inú bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ ràn.

Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ènìyàn inú ayé ni kòkòrò yìí ti wọ̀ lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀, wọn kò sì ṣàìsàn, nítorí ara wọn ti mọ odi yí i ká, ó sì sùn sí ibẹ̀. Nínú 100 irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, bí 5 sí 10 ni yóò ṣàìsàn ní ọjọ́ ayé wọn. Odi yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí ọtí mọ bí a ti ń wó o.

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde, 10.8 mílíọ̀nù ènìyàn ni ikọ́ ife bá jà ní ọdún 2023, 1.25 mílíọ̀nù nínú wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì kú. Nàìjíríà wa yìí ni ó ní iye aláìsàn tí ó pọ̀ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún náà.

BÍ OÒGÙN TI Ń DI ALÁÌLÁGBÁRA

Ní ọdún 1943, ní Yunifásítì Rutgers ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a rí oògùn kan tí a ń pè ní streptomycin, òun sì ni oògùn àkọ́kọ́ tí ó pa kòkòrò ikọ́ ife nínú ara ènìyàn. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò lára aláìsàn 107, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1948. Wọ́n fún 55 ní oògùn náà. 52 ìyókù sì wà lórí ibùsùn láìgba oògùn náà, bí a ti ń ṣe ní àkókò ọ̀hún. Lẹ́yìn oṣù 6, ènìyàn 4 péré ni ó kú nínú àwọn tí ó gba oògùn, ṣùgbọ́n 14 kú nínú àwọn tí kò gbà á. Ayọ̀ ńlá ni èyí jẹ́. Àmọ́ nígbà tí ọdún 5 fi kọjá, 32 ti kú nínú 55 tí ó gba oògùn, 35 sì ti kú nínú 52 tí kò gbà á. Ayọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Kín ni ó ṣẹlẹ̀? Kòkòrò inú ara àwọn aláìsàn náà ti di èyí tí oògùn kan ṣoṣo kò lè pa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ oko ṣe àpèjúwe rẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá wọ oko tí oríṣiríṣi koríko ti bò, tí ó sì ro ó wéréwéré, àwọn koríko tí gbòǹgbò wọn kò jìn yóò kú. Èkan nìkan ni yóò kù. Bí ó bá fi ọkọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tí ó lọ sinmi, nígbà tí yóò fi padà dé, èkan nìkan ni yóò bò gbogbo ilẹ̀, nítorí kò sí koríko mìíràn tí yóò bá a du àyè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti kòkòrò yìí. Nínú ẹ̀dọ̀fóró tí ikọ́ ife ti dá ihò sí, wọ́n lè tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Láàárín àwọn tí ó pọ̀ tó báyìí, ìwọ̀nba díẹ̀ wà tí a ti bí pẹ̀lú agbára láti kojú oògùn kan pàtó. Bí a bá lo oògùn kan ṣoṣo, àwọn ẹgbẹ́ wọn yóò kú, àwọn wọ̀nyí nìkan yóò kù, wọn yóò sì bí sí i. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí a rí èyí tí ó lè kojú oògùn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà ni a ṣe ń da oògùn pọ̀. Aláìsàn tí ikọ́ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí oògùn ń ràn sábà máa ń lo oògùn mẹ́rin fún oṣù 2, lẹ́yìn náà yóò lo méjì nínú wọn, isoniazid àti rifampicin, fún oṣù 4. Láàárín oṣù 2 àkọ́kọ́ ara rẹ̀ yóò ti yá, ikọ́ yóò ti dákẹ́. Ìgbà náà gan-an ni ewu wà, nítorí àwọn kòkòrò tí ń sùn kò tíì kú tán. Ẹni tí ó bá fi oògùn sílẹ̀ níbẹ̀, tàbí tí ó ń lò ó lónìí tí ó ń fò ó lọ́la, ti ro oko dé ìdajì. Bí isoniazid àti rifampicin kò bá pa kòkòrò náà mọ́, a ti bọ́ sínú ikọ́ tí kò gbọ́ oògùn. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 400,000 ènìyàn ni ikọ́ tí kò gbọ́ rifampicin, tàbí tí kò gbọ́ méjèèjì, bá jà ní gbogbo ayé.

Ọ̀nà méjì ni irú ikọ́ yìí ń gbà wọ ènìyàn lára. Èkíní, kí ó hù jáde nínú aláìsàn tí ìtọ́jú rẹ̀ já ní àárín ọ̀nà. Èkejì, kí ẹni tí ara rẹ̀ le koko fà á símú láti ara ẹlòmíràn, bí ọmọ inú ọkọ̀ náà ti ṣe. Ẹ má ṣe gbàgbé ọ̀nà kejì yìí.

ILẸ̀KÙN MẸ́RIN TÍ ỌTÍ ÀTI OÒGÙN OLÓRÓ Ń ṢÍ

Ilẹ̀kùn kìíní ni ti ara. Ọtí àmujù a máa sọ àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹ̀dọ̀fóró di ọ̀lẹ, odi tí ara mọ a sì wó. Èéfín tábà a máa pa àwọn irun tín-ín-tìn-ìn-tín tí ń gbá èérí jáde kúrò nínú ọ̀nà èémí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ẹni tí ọtí ti di bárakú fún wà nínú ewu ikọ́ ife ní ìlọ́po 3.3 ju ẹlòmíràn lọ, ti ẹni tí ń fa tábà sì jẹ́ ìlọ́po 1.6.

Ilẹ̀kùn kejì ni ti ìfarapamọ́. Codeine àti àwọn ìbátan rẹ̀ a máa pa ikọ́ lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í pa kòkòrò. Ikọ́ sì ni agogo tí ara ń lù láti fi kéde pé olè ti wọlé. Ẹni tí ó bá fi owú di ẹnu agogo kò tíì lé olè jáde. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìjọba Nàìjíríà fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ tí ó ní codeine àti kíkó o wọ ìlú, nítorí bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi í pa ara wọn bí ọtí.

Ilẹ̀kùn kẹta ni ti àpéjọ. Àwọn tí ń fa igbó pọ̀ sábà máa ń jókòó sí ibi tí kò ní fèrèsé, kí òórùn má ba à jáde, wọ́n sì ń gbé e fún ara wọn láti ẹnu dé ẹnu. Ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2004, ikọ́ ife tàn láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń fa igbó pọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ilé ọtí tí kò ní afẹ́fẹ́, àti nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tí èrò kún fọ́fọ́.

Ilẹ̀kùn kẹrin ni ó burú jù, èyí ni ti ìtọ́jú tí ó já. Ọ̀mùtí a máa gbàgbé oògùn. Púpọ̀ nínú oògùn ikọ́ ife a máa ni ẹ̀dọ̀ lára, ọtí náà a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé, ojú aláìsàn lè pọ́n bí ìyeyè, kí ó sì di dandan láti dá oògùn dúró fún ìgbà kan. Rifampicin a máa mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lé codeine àti irú rẹ̀ kúrò nínú ara. Nítorí náà, ẹni tí ó ti di ẹrú wọn yóò rí i pé oró wọn kò tó o mọ́: oorun yóò dá, eegun yóò máa ro ó, òógùn yóò bò ó. Yóò rò pé oògùn ikọ́ ni ó fẹ́ pa òun, yóò sì dà á nù. Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé èyí fún awakọ̀ agboolé wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ ni mo ń sọ, kí ó gbọ́ èyí. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí oògùn olóró, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2019, fi hàn pé 14.3 mílíọ̀nù ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 dé 64, ni ó ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Igbó ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń lò, codeine àti tramadol sì tẹ̀ lé e. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹni 33 nínú 100 ni. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 23. Nínú ilé wa ni wọ́n wà, nínú ìsọ̀ wa, nínú ọkọ̀ tí ń kó ọjà wa.

OHUN TÍ A RÍ NÍ ÌLÚ TOMSK

Ó kù kí a bi ara wa pé, kín ni a ó ṣe sí i? Nípa ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ mú yín lọ sí ibi tí ó jìn, ìlú kan tí a ń pè ní Tomsk, ní Siberia, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Òtútù ibẹ̀ a máa sọ omi odò di òkúta, ọtí vodka ni àwọn ará ibẹ̀ sì fi ń gbóná. Nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì túká ní ọdún 1991, owó di ọ̀wọ́n, oògùn di ọ̀wọ́n, ọgbà ẹ̀wọ̀n sì kún àkúnya. Ikọ́ ife gbilẹ̀ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ní ìtọ́jú àbọ̀, ó di èyí tí kò gbọ́ oògùn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì ń gbé e lọ sílé nígbà tí a bá dá wọn sílẹ̀.

Àwọn oníṣègùn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wádìí ohun tí ń mú kí ìtọ́jú já, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2007 nínú ìwé àtìgbàdégbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Wọ́n rí ohun méjì. Èkíní kò yà wá lẹ́nu: ọtí àti oògùn olóró ni ó ń mú kí aláìsàn pa oògùn jẹ ju ohun mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n èkejì ni ó mú mi dìde jókòó nígbà tí mo kà á. Láàárín àwọn tí ń lo oògùn wọn déédéé, àwọn tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn wà nínú ewu ikọ́ tí kò gbọ́ oògùn ní nǹkan bí ìlọ́po 6 ju àwọn tí ń ti ilé wá gba oògùn lọ. Àwọn onígbọràn ni wọ̀nyí. Ohun tí ìwádìí náà tọ́ka sí ni pé àwọn tí wọ́n jọ sùn nínú yàrá ilé ìwòsàn ni wọ́n ti kó o. Nítorí náà, ẹ̀bi kì í ṣe ti ọ̀mùtí nìkan. Ilé tí a kọ́ láti wo aláìsàn sàn pàápàá lè di ibi tí a ti ń pín ikọ́ náà kiri, bí a kò bá ṣọ́ra.

Ní ìparí ọdún 2006, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ ní Tomsk fún àwọn aláìsàn tí ó ṣòro jù lọ láti tọ́jú: àwọn tí ọtí ti di bárakú fún, àwọn tí kò nílé, àwọn tí ó ti sá fún oògùn rí. Wọn kò ní kí wọ́n wá mọ́. Nọ́ọ̀sì ni ó ń gbé oògùn tọ̀ wọ́n lọ nínú ọkọ̀, ní ojoojúmọ́, ibikíbi tí wọ́n bá wà, ìbáà ṣe ilé, ìbáà ṣe ìdí iṣẹ́. Wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ, wọ́n ń bá wọn wá aṣọ òtútù, wọ́n sì ń gbọ́ ẹjọ́ wọn. Kí ètò yìí tó dé, nínú 100 oògùn tí ó yẹ kí àwọn ènìyàn wọ̀nyí lò, 52 ni wọ́n ń lò. Lẹ́yìn tí ó dé, ó di 81. Èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ dáadáa ni ó sì rí ìwòsàn, àwọn tí gbogbo ènìyàn ti ní kò sí àtúnṣe fún.

Sputnik ni wọ́n pe ètò náà. Ní èdè Rọ́ṣíà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni alábàárìn.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Mo padà sí agboolé wa. Wọ́n gba awakọ̀ náà fún ìtọ́jú tuntun, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ jù, kò sì ju oṣù mélòó kan lọ tí ó fi jáde láyé. A sin ín ní ìlú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà yè. Ìyá ẹlẹ́kọ kan ní gáréèjì, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ni ó fà á mọ́ra. Láràárọ̀ ni yóò pè é pé, "Ọmọ mi, wá lo oògùn rẹ níwájú mi kí o tó jẹun." Bí oògùn bá ń rìn ín ní èébì, yóò po ẹ̀kọ gbígbóná fún un, yóò sì dúró tì í títí yóò fi mu ún tán. Kò kàwé, kò sì gbọ́ orúkọ Tomsk rí. Oṣù kan kò lọ tí ọmọ náà pa oògùn jẹ. Àmọ́ ní ìgbà náà, abẹ́rẹ́ wà lára ìtọ́jú irú ikọ́ yìí, abẹ́rẹ́ náà a sì máa ba etí ẹlòmíràn jẹ́. Ó ba tirẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn lónìí, kò ní gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ pẹ̀lú pé nǹkan ti sàn ju ti ìgbà náà lọ. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan tí ó lè sọ láàárín nǹkan bí wákàtí 2 bóyá ikọ́ ife ni, àti bóyá rifampicin ṣì ń ràn án. Ọdún 2010 náà ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú àwọn tí ó ní ikọ́ tí kò gbọ́ oògùn. Ìtọ́jú tí ó máa ń gba ọdún kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, ti di ti oṣù 6 fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìsàn, pẹ̀lú oògùn onígbígbémì nìkan, gẹ́gẹ́ bí àjọ náà ti fi lélẹ̀ ní ọdún 2022. Ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí ń tọ́jú ikọ́ ife ní Nàìjíríà, àyẹ̀wò jẹ́ ọ̀fẹ́, oògùn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tí kò sí lórí àtẹ ilé ìwòsàn ni alábàárìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń ta oògùn, bí ẹnì kan bá wá ra oògùn ikọ́ lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ bi í pé, "Ọ̀sẹ̀ mélòó ni?" Bí ó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2, àyẹ̀wò ni kí ẹ ní kí ó lọ ṣe, kí ẹ má ṣe gba owó rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́ àti alága gáréèjì, ẹ má ṣe lé ẹni tí ń ṣàìsàn yìí lọ pátápátá. Bí oògùn tí ó tọ́ bá ti ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, láìpẹ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́, dókítà yóò sì sọ ọjọ́ tí ó lè padà. Ẹ̀yin onílé, ẹ jẹ́ kí fèrèsé pọ̀ lára yàrá tí ẹ ń kọ́. Ìwọ tí ń mu ọtí tàbí tí ń lo oògùn olóró, bí o bá wà lórí oògùn ikọ́ ife, ó dára kí o fi wọ́n sílẹ̀, kí o sì wá ìrànlọ́wọ́ láti fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá kọsẹ̀, má ṣe tìtorí ìtìjú fi oògùn rẹ sílẹ̀. Lọ síbẹ̀, kí o sì sọ òtítọ́, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, a mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀, èrò sì pọ̀. Ẹ bá a wí bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì fi oògùn lé e lọ́wọ́ kí ó tó lọ.

Ní ti èmi, mo ti ronú lórí òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a tètè sọ fún ará ilé wa. A sọ fún un. Mo sọ fún un pé ikọ́ rẹ̀ ti pẹ́. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ọ̀mùtí ni. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ fún un pé ó jẹ̀bi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá a rìn dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn náà kò jìn sí ilé wa. Ẹsẹ̀ mi ìbá gbé mi débẹ̀ kí n tó lọ sí ọ́fíìsì. Ìyá ẹlẹ́kọ ni ó mọ ìyókù òwe náà, pé bí a bá ti sọ fún ará ilé ẹni tán, ó kù kí a dúró tì í títí yóò fi lò ó tán.